Bàbá mú fọ́ọ̀mù aláwọ̀ pínkì bọ̀ láti Kalifóníà. Ṣé ọ̀sibítù Àkúrẹ́ á tẹ̀lé e?

Ọmọ Tíṣà Àgbà (Àkúrẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn, pàápàá lọ́dọ̀ ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà agbègbè wa níbí.

Bàbá wa ti pé ẹni ọdún 84. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Àìsàn ọkàn ló ń bá wọn fínra: ẹsẹ̀ wọn ń wú, tí wọ́n bá rìn láti yàrá dé pálọ̀, mímí á di iṣẹ́, ìrọ̀rí mẹ́ta sì ni wọ́n ń to sẹ́yìn kí wọ́n tó lè sùn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Kalifóníà ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí wíwọ ọ̀sibítù àti jíjáde wá di lemọ́lemọ́, Bàbá ní ilé yá, àwọn ò ní kú sí ìlú tí kò sẹ́ni tó mọ oríkì àwọn. Bí wọ́n ṣe gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Ìjàpò nìyẹn.

Nínú àpò ìwé wọn ni fọ́ọ̀mù kan wà, pínkì tó ń dán gbinrin, ojú ìwé iwájú àti ẹ̀yìn. Dókítà ibẹ̀ buwọ́ lù ú, Bàbá náà buwọ́ lù ú. Ẹ̀gbọ́n mi ní ara fíríìjì ni wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ níbẹ̀, kí àwọn tó bá áńbúláǹsì wá lè tètè rí i. Ọwọ́ ara wọn ni Bàbá fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì mi. Ohun tí wọ́n mú níbẹ̀ ni pé tí ọkàn àwọn bá dúró, kí ẹnikẹ́ni má tẹ àyà àwọn láti mú un ṣiṣẹ́ padà. Kí wọ́n má fi túùbù sí ọ̀fun àwọn láti fi ẹ̀rọ mí. Kí wọ́n má fi túùbù bọ́ àwọn lóúnjẹ. Àwọn gba oògùn, abẹ́rẹ́, dírípù àti ọ́síjìn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí wa, wá láti Èkó. Ó fẹ́ mu omi tútù, ló bá rí i. Ó já a kúrò. Ó ní ta ló ń lẹ ikú mọ́ ara fíríìjì, ó ní tí aráyé bá gbọ́, wọn á ní owó ìtọ́jú la ò fẹ́ san. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti yàrá. Iyán tí mo gbé lọ fún wọn lálẹ́ yẹn, wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n kàn ń sọ pé, "Ẹ bá mi mú ìwé mi wá."

Inú Bíbélì mi ni ìwé náà wà báyìí. Èmi ni mò ń gbé pẹ̀lú wọn, èmi ló máa wà níbẹ̀ tó bá ṣẹlẹ̀ lóru. Ṣé ìwé yẹn túmọ̀ sí pé kí a máa wò wọ́n níran ni? Ṣé dókítà Àkúrẹ́ á kà á sí? Kí ni kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi?

Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì (Ọ̀bà-Ilé)

Ọmọ mi, Ọlọ́run á ṣàánú Bàbá. Èmi ò fara mọ́ ìwé yẹn o, mi ò sì ní purọ́ fún ọ. Mo rí ọkọ àbúrò mi tí dókítà ní ká máa palẹ̀ mọ́, ó sì jí, ó tún ṣe ọdún púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀mí kì í ṣe ti dókítà, kì í sì í ṣe ti ẹni tó ni ín. Ẹ bá Bàbá gbàdúrà, kí wọ́n fà á ya. Ìbẹ̀rù ló ń mú àgbàlagbà kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, torí wọn ò fẹ́ di ẹrù sọ́mọ lọ́rùn. Ẹ sọ fún wọn pé wọn kì í ṣe ẹrù.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Òǹdó)

Ọmọ Tíṣà, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Òǹdó níbí, mo sì kọ́ nípa ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn ti kọjá wíwòsàn ní UCH Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé, torí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Mo ń rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ ọ́.

Fọ́ọ̀mù yẹn ni wọ́n ń pè ní POLST, ìyẹn àṣẹ dókítà lórí ìtọ́jú tó ń gbé ẹ̀mí ró. Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn èèyàn ti ń kọ ìwé sílẹ̀ pé báyìí làwọn fẹ́ kí wọ́n tọ́jú àwọn, ṣùgbọ́n tí áńbúláǹsì bá dé, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò lè torí lẹ́tà dúró. Àṣẹ dókítà ni wọ́n ń tẹ̀lé, tí kò bá sì sí àṣẹ, gbogbo agbára ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò. Wọ́n wá jókòó, wọ́n sọ ìfẹ́ aláìsàn di àṣẹ dókítà, tó máa bá a rìn láti ilé dé inú áńbúláǹsì, dé ọ̀sibítù, dé ilé àwọn arúgbó. Òfin Kalifóníà gbà á láti 2009. Aláìsàn tàbí ẹni tó ń ṣojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú pẹ̀lú oníṣègùn, kò sì sẹ́ni tí wọ́n lè fipá mú láti kọ ọ́. Kì í ṣe fún gbogbo ayé. Ẹni ogójì ọdún tí ara rẹ̀ le ò ní nǹkan án ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Irú Bàbá ni wọ́n ṣe é fún: ẹni tí àìsàn ńlá ń bá jà, tàbí tí ogbó ti gba agbára rẹ̀.

Ẹ wá yọ ọ́ nínú Bíbélì, kí ẹ tún un kà. Wọ́n pín in sí abala. Àkọ́kọ́ ń béèrè pé tí ọkàn bá dúró tí èémí sì ti lọ, ká tẹ àyà àbí ká má tẹ̀ ẹ́? Ìkejì jẹ́ ti ìgbà tí aláìsàn ṣì ń mí. Ipele mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Òkè pátápátá ni kí wọ́n ṣe gbogbo ohun tó bá ṣeé ṣe, títí kan ẹ̀rọ àti ICU, yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n kàn máa tu aláìsàn lára. Àárín ni pé kí wọ́n fún un ní oògùn, abẹ́rẹ́ àti dírípù, àní ọ́síjìn tó ń fi agbára wọlé láti ojú ìbòmú, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ki túùbù sí i lọ́fun, kí wọ́n sì yẹra fún ICU bó bá ti lè ṣeé ṣe. Àárín yìí gan-an ni Bàbá yín mú! Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín. Tí otútù àyà bá mú Bàbá lọ́la, ẹ gbé wọn lọ sí ọ̀sibítù kíákíá. Tí omi bá kún wọn lẹ́sẹ̀, kí wọ́n gba Lasix, oògùn tó ń mú kí èèyàn tọ omi náà jáde. Ẹni tó ń bèèrè fún oògùn ò tíì sọ pé kí ẹ máa wo òun níran.

Ọ̀rọ̀ títẹ àyà wá kù. Fíìmù ló ń tàn wá jẹ níbẹ̀. Ẹ ó gbé ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ lé àárín àyà, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo ti tẹ àyà àgbàlagbà. Mo mọ bí egungun ìhà ṣe ń ró kàù lábẹ́ ọwọ́, tí ẹ ò sì ní lè dúró. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, níbi tí áńbúláǹsì ti ń tètè dé, nínú ẹni mẹ́wàá tí ọkàn wọn dúró nílé tàbí lójú títì, bí ẹnì kan ló ń padà wálé láàyè. Fún ọkàn tó ti gbó bíi ti Bàbá, ìrètí kéré sí i. Tí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́ tí iná mọ̀nàmọ́ná gbé, màá tẹ̀ ẹ́ títí apá mi á fi kú. Ti Bàbá yàtọ̀. Ohun tí àìsàn wọn ń ṣe láti ọdún mélòó kan ló ń parí yẹn.

Ní ti Àkúrẹ́: àṣẹ dókítà Kalifóníà ò de dókítà tiwa, ẹ má gbójú lé bébà yẹn nìkan. Fáìlì ni ọ̀sibítù wa ń gbọ́. Ẹ mú Bàbá àti fọ́ọ̀mù náà lọ bá dókítà tó ń rí wọn báyìí, nígbà tí ara wọn ṣì balẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ tí èémí ń há. Kí dókítà bi Bàbá léèrè fúnra wọn, lójú yín. Kí ó kọ ìdáhùn wọn sínú fáìlì, kí ó kọ déètì, kí ó sì buwọ́ lù ú. Ní aago mẹ́ta òru, dókítà kékeré tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ò mọ Bàbá rí. Fáìlì ló máa ṣí. Tí kò bá rí nǹkan kan níbẹ̀, ohùn ẹni tó bá pariwo jù nínú mọ̀lẹ́bí ló máa tẹ̀ lé.

Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ṣeun mà. Òótọ́ lẹ sọ pé àgbà mìíràn ń kọ̀ torí kó má di ẹrù, ó sì yẹ kí a bi Bàbá bóyá ohun tó wà lọ́kàn wọn nìyẹn. Tó bá jẹ́ owó ló ń bà wọ́n lẹ́rù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Fọ́ọ̀mù yẹn ò de Bàbá mọ́lẹ̀: ọjọ́ tí Bàbá bá yí ọkàn padà, kí wọ́n fa ìlà gbọọrọ lé e, ó parí. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ fà á.

Ohun kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn mọ̀lẹ́bí. Àwọn bàbá wa kì í bẹ̀rù láti sọ ibi tí wọ́n máa sin àwọn sí. Wọ́n á nawọ́ sí i fún ọmọ: "Ẹ̀gbẹ́ ìyá mi nìyẹn." Wọ́n á yan aṣọ, wọ́n á yan ẹni tó máa gba ilé, wọ́n á ní kí a má ná owó yàlàyòlò. Gbogbo wa á sì dáhùn pé "ẹ ó pẹ́ fún wa o," a ò ní bínú, a ó sì ṣe é bí wọ́n ṣe wí. Ìsìnkú la ń gba àṣẹ wọn lórí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìsìnkú, tí wọ́n ṣì ní ara tó ń dùn wọ́n àti ojú tó ń wá ọmọ kiri, ìyẹn la kì í jẹ́ kí wọ́n sọ. Bàbá yín sọ ọ́, wọ́n kọ ọ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo ojú á ti rí i.

Ìbéèrè kan: ṣé wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ awọ àyà Bàbá ní Amẹ́ríkà? Oríṣi kan wà tó máa ń fi iná gún ọkàn tí lílù rẹ̀ bá dàrú. Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ sọ fún dókítà, torí ó lè máa gún wọn nígbà tí wọ́n bá ń lọ, ó sì ṣeé pa kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Ọmọ Ọ̀wọ̀

Ẹ gba èmi náà láàyè. Ìyá mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀, a ò sì bi wọ́n. Jẹjẹrẹ ti dé ẹ̀dọ̀ kó tó di pé a mọ̀. Ọ̀sibítù kan gbé wọn sí ICU, wọ́n ki túùbù bọ ọ̀fun wọn, wọ́n so ọwọ́ wọn mọ́ bẹ́ẹ̀dì torí wọ́n ń fà á yọ. Fèrèsé ni a ti ń wò wọ́n. Wọn ò lè sọ̀rọ̀. Àbúrò mi obìnrin ta mọ́tò rẹ̀, èmi yá owó níbi iṣẹ́, a ò kábàámọ̀ owó. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohùn wọn kẹ́yìn, kò sì sí dókítà kan níbẹ̀ tó pè wá jókòó láti sọ pé kò ní já sí nǹkan kan. Tí ìyá mi bá fi bébà pínkì kan sílẹ̀ fún wa, ǹ bá fi férémù sí i.

Agbẹjọ́rò (Alágbàká)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ti òfin ni màá sọ, níwọ̀n bí àkọ́bí ti ń bẹ̀rù ohun tí aráyé máa wí.

Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè, ti 2014, abala 23, sọ pé kí oníṣègùn jẹ́ kí aláìsàn mọ̀ pé ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìtọ́jú, kí ó sì ṣàlàyé ewu tó wà nínú kíkọ̀ náà fún un. Ṣáájú òfin yẹn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá ẹjọ́ Dókítà Okonkwo ní 2001. Aláìsàn rẹ̀ jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà, ó fọwọ́ síwèé pé òun ò gba ẹ̀jẹ̀. Dókítà bọ̀wọ̀ fún un, obìnrin náà kú, ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìyà náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fara mọ́ wọn: àgbàlagbà tí làákàyè rẹ̀ pé lè kọ ìtọ́jú, bí ẹ̀mí rẹ̀ tilẹ̀ wà nínú ewu. Àwọn Ẹlẹ́rìí ṣì ń gbé irú káàdì bẹ́ẹ̀ sápò kiri láàárín wa, nítorí náà bébà tó ń bá aláìsàn rìn kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ yìí.

Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn ṣá. Òfin wa ò gbà kí ẹnikẹ́ni fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ kí ó lè kú, aláìsàn ì báà kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Bàbá ò bèèrè ìyẹn.

Ohun tí mo gbà yín nímọ̀ràn: kí Bàbá kọ lẹ́tà kúkúrú ní Yorùbá tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ àti ọmọ tó máa jẹ́ ẹnu àwọn nígbà tí àwọn ò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni o. Kí wọ́n buwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí kì í ṣe ọmọ. Kí lẹ́tà náà wà pẹ̀lú fọ́ọ̀mù.

Ọmọ Tíṣà Àgbà (Àkúrẹ́)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Ọmọ Ọ̀wọ̀, ẹ kú àmúmọ́ra.

Nọ́ọ̀sì, wọn ò fi ẹ̀rọ kankan sí Bàbá láyà. Mo bi wọ́n bóyá owó ni. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Mo ti san owó ilé ìwé gbogbo yín. Ẹ lè ná díẹ̀ lé mi lórí. Mi ò kàn fẹ́ kí ẹ so mí mọ́lẹ̀." Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Ó pè mí, kò pariwo. Ó ní òun á wá, òun á tẹ̀lé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Fọ́ọ̀mù ti padà sára fíríìjì.

Ẹ̀rù òru ló kù. Tí èémí bá gbé wọn lóru ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Òǹdó)

Inú mi dùn sí ohun tí Bàbá sọ. Ẹ kọ gbólóhùn yẹn sínú lẹ́tà agbẹjọ́rò bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ti òru: ẹ gbé wọn jókòó, kí ẹsẹ̀ wọn sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ìrọ̀rí wà níwájú tí wọ́n lè fọwọ́ lé. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ wọn lójú gan-an, ó ń dín ìmọ̀lára pé èémí ò tó kù. Tí kò bá síná, abẹ̀bẹ̀ ni kí ẹ lò, ẹ fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ imú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ẹ lè fi Lasix kún tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Ẹ béèrè nípa mófíìnì olómi pẹ̀lú, oògùn ìrora tó lágbára. Díẹ̀ báyìí máa ń tu ẹni tí èémí ń há lára, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé jẹjẹrẹ nìkan ni wọ́n ń lò ó fún. Kò sí ní gbogbo kẹ́míìsì, dókítà ló máa kọ ọ́, ọ̀sibítù ńlá lẹ ti máa rí i.

Tí ìyẹn ò bá rọ̀ wọ́n, ẹ gbé wọn lọ, kí ẹ mú fáìlì, lẹ́tà àti fọ́ọ̀mù dání. Bàbá gba ọ̀sibítù, ẹ rántí. Tí ẹ bá sì jí bá wọn tí wọn ò mí mọ́, ẹ má pe aládùúgbò láti fi wọ́n sẹ́yìn mọ́tò kí wọ́n máa sá kiri ìgboro. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín, kí ẹ tó pe dókítà.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ bá dókítà, ẹ mú gbogbo oògùn tó wà nílé sínú ọ̀rá kan àti èsì ẹ́kò, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi àwòrán ọkàn hàn, tí wọ́n ṣe ní Kalifóníà. Kí ẹ lọ ní kùtùkùtù, kí èrò tó pọ̀, kí dókítà lè ráyè gbọ́ Bàbá.